Orí Karùn-ún: Ráútà Tí Kò Jí Láàárọ̀

Aago márùn-ún ìdájí ni wọ́n pè mí sí ilé búrẹ́dì kan ní Agége. Búrẹ́dì ti jáde nínú ààrò, àwọn obìnrin tó ń kiri ti tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú àwo wọn, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ POS kò gba káàdì, ọmọbìnrin tó ń gbowó kò sì lè mọ̀ bóyá owó tí wọ́n fi ránṣẹ́ ti wọlé. Ráútà ló dá gbogbo wọn dúró. Iná ojú rẹ̀ á tàn, á máa ṣẹ́jú fún bí ogójì ìṣẹ́jú àáyá, á kú pátápátá, á tún bẹ̀rẹ̀. Kí n tó dé, wọ́n ti fi abẹ́rẹ́ tẹ ihò reset rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta.

Mo fọwọ́ kan ṣájà rẹ̀. Ó gbóná bí ìkòkò ọbẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí iná. Mo yọ ọ́ kúrò lára ráútà, mo fi mítà wọ̀n ọ́n: fóòtì 12.1. Ọ̀gá ilé búrẹ́dì ní, "Ẹnjiníà, ẹ ò rí i pé ṣájà yẹn dáa?" Mo fi wáyà olórí méjì so ṣájà náà padà mọ́ ráútà, kí n lè máa wọ̀n ọ́n lẹ́nu iṣẹ́. Ó bẹ̀rẹ̀ ní 11.6. Bí Wi-Fi ṣe fẹ́ tàn báyìí, ó já wálẹ̀ sí 7.8, ráútà sì kú lójú gbogbo wa. Mo fi ṣájà mìíràn sí i, ó jí, kò sì kú mọ́.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kò tíì tán. Reset tí wọ́n tẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta ti pa orúkọ àti ọ̀rọ̀ aṣínà tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì fún wọn rẹ́. Ọ̀rọ̀ ṣájà gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Wíwá ọ̀rọ̀ aṣínà mú wa dé aago mọ́kànlá. Àwọn tó ń kiri ti lọ ra búrẹ́dì níbòmíràn.

Ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo ni orí yìí wà fún: láti ara ògiri ni kí ẹ ti máa wá àrùn ráútà bọ̀. Iná ilé ni àkọ́kọ́, ṣájà ló tẹ̀lé e, ráútà fúnra rẹ̀ ló kàn. Reset ló máa ń kẹ́yìn gbogbo wọn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ohun tí a bá fagbára mú ní í le koko. Lórí ráútà, mo ti rí i pé òótọ́ ni.

Ohun tó ń bá ráútà jà ní àdúgbò wa

Ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́ ló ya ilẹ̀ sọ́tọ̀ fún àwọn iléeṣẹ́ ńláńlá ní Ìkẹjà, kí Ìpínlẹ̀ Èkó tó dáyé ní 1967. Láti Ọba Akran dé Ògbà, láti Agídíǹgbí títí dé ìhà Agége, àwọn tó ń yọ́ ike, tó ń tẹ̀wé, tó ń ṣe oògùn àti oúnjẹ wà níbẹ̀ pẹ̀lú àwọn ṣọ́ọ̀bù kéékèèké tó wà láàárín wọn. Bí ẹ́ńjìnnì ńlá inú iléeṣẹ́ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbéra, ó máa ń fa iná lójijì, fóòtì gbogbo ilé tó wà lórí wáyà kan náà á sì wálẹ̀. Bó bá dúró, fóòtì á tún ta sókè. Ráútà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń jẹ nínú ìyà yìí láìsí ẹni tó mọ̀.

Iná tó yẹ kó máa wọlé fún wa ni fóòtì 230. NEPA ni a ṣì ń pe àwọn tó ń fún wa níná, bó tilẹ̀ jẹ́ pé NEPA ti di PHCN ní 2005, tí Ikeja Electric sì gba pípín iná agbègbè yìí ní 2013. Ìgbà mẹ́ta ni iná yìí máa ń ṣe ráútà léṣe jù.

Àkọ́kọ́ ni ìgbà tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé iná dé. Gbogbo fíríìjì, fáànù àti ẹ́ńjìnnì àdúgbò ló ń gbéra lẹ́ẹ̀kan náà, iná á máa lọ sókè sódò fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Èkejì ni ìgbà tí ẹ bá ń yí iná láti orí jẹnẹrétọ̀ sí NEPA. Jẹnẹrétọ̀ tí ohun tó ń ṣàkóso fóòtì rẹ̀ ti bàjẹ́ lè máa gbé iye tó ju 260 jáde, kí gílóòbù sì máa tàn bí ẹni pé kò sí nǹkan. Ẹ̀kẹta ló burú jù: kí wáyà neutral já lórí òpó tàbí nínú ilé tó ń lo féèsì mẹ́ta. Nígbà náà, fóòtì tó wà ní sọ́kẹ́ẹ̀tì lè gòkè kọjá 230 títí dé ìtòsí 400. Ẹ wo ara ṣájà yín: 100 sí 240 ni wọ́n kọ sí i. Ṣájà kò lè fara da ìlọ́po bẹ́ẹ̀. Bí gílóòbù ilé kan bá ń tàn jù nígbà tí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ń ṣe bàìbàì, ẹ sáré pa iná gbogbo ilé láti orí ṣéńjóòfà, kí ẹ sì pe oníná. Ẹ má ṣe dúró ti ráútà.

Ooru àti eruku ló tún kù. Ìyẹ̀fun ilé búrẹ́dì, eruku bébà ilé ìtẹ̀wé àti èéfín jẹnẹrétọ̀ máa ń dí àwọn ihò tí ráútà fi ń mí. Ráútà tí wọ́n gbé sórí ínfátà, tí wọ́n tún wá to fáìlì lé lórí, kò lè pẹ́.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nígbà tí ráútà bá ń jí

Kọ̀ǹpútà kékeré ni ráútà. Bí ẹ bá mọ bó ṣe ń jí, ẹ ó mọ ibi tó ti dúró lójú ọ̀nà.

Bí iná bá dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti inú ṣájà, ó kọ́kọ́ bu fóòtì 12 tàbí 9 yẹn kù sí ìwọ̀nba kékeré tí ọpọlọ rẹ̀ lè jẹ, bíi 3.3 àti èyí tó kéré sí i. Lẹ́yìn náà ni ètò kékeré kan tí wọ́n ń pè ní bootloader á jí. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó yẹ ọpọlọ wò, kó sì wá firmware, ìyẹn ètò ńlá tó ń darí ráútà, níbi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Bó bá rí i, á tú u sílẹ̀ sínú ọpọlọ. Firmware á wá ka gbogbo ètò tí ẹ̀yin fúnra yín ti tò sílẹ̀: orúkọ Wi-Fi, ọ̀rọ̀ aṣínà, orúkọ tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ yín sí. Lẹ́yìn ìyẹn ni yóò ṣí àwọn ihò wáyà, tí yóò tan Wi-Fi, tí yóò sì wá kan ilẹ̀kùn iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì.

Gbogbo èyí máa ń gba ìṣẹ́jú kan sí mẹ́ta lórí ọ̀pọ̀ ráútà ilé. Èyí tó ń lo síìmù tàbí fáíbà lè pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà tí Wi-Fi bá ń tàn ló máa ń fa iná jù, ìdí nìyẹn tí ṣájà tó ti rẹ̀ fi máa ń dákú níbẹ̀ gẹ́lẹ́. Ẹni tí kò bá ní sùúrù ìṣẹ́jú márùn-ún, tó ń pa ráútà tó sì ń tan án lẹ́yìn gbogbo ìṣẹ́jú kan, kò tíì jẹ́ kó jí rí.

Ẹ ka iná ojú rẹ̀

Ẹ jókòó síwájú rẹ̀, kí ẹ má fọwọ́ kan ohunkóhun, kí ẹ sì kà á báyìí:

*Kò sí iná kankan.* Iná kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, tàbí ó dé tí ibi tí ó ti ń wọlé nínú ráútà ti jó. Sọ́kẹ́ẹ̀tì, ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀nù, ṣájà àti bọ́tìnnì ẹ̀yìn rẹ̀ ni kí ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò.

*Iná power nìkan ló tàn, ó dúró gbọn-in, ìyókù kò ṣẹ́jú.* Bootloader lè ti jí kó má rí firmware, tàbí kí fóòtì tó ń wọlé má tó.

*Ó ń tàn, ó ń kú, ó tún ń tàn.* Ṣájà ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Lẹ́yìn rẹ̀ ni kàpásítọ̀ tó wú, bọ́tìnnì reset tó há, àti firmware tó bàjẹ́.

*Gbogbo iná tàn pa pọ̀, wọn kò sì yí padà.* Ó ti há sí àárín ọ̀nà. Firmware tàbí ibi tí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí ló sábà máa ń fà á.

*Ráútà jí, ṣùgbọ́n iná LOS pupa ń ṣẹ́jú.* Ráútà yín kò ní àrùn. Ìmọ́lẹ̀ fáíbà ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ láti ìta.

*Wi-Fi wà, fóònù so mọ́ ọn, ṣùgbọ́n kò sí íntánẹ́ẹ̀tì.* Ráútà ti jí. Ètò inú rẹ̀, owó dátà, tàbí iléeṣẹ́ tó ń fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì ni kí ẹ wò.

Ìgbésẹ̀ méje tí ó yẹ kí ẹ gbé lẹ́sẹẹsẹ

1. Ẹ yọ ṣájà ráútà, kí ẹ fi ṣájà fóònù tàbí fìtílà sínú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà. Bí kò bá ṣiṣẹ́, ẹ ti rí àrùn. Bó bá jẹ́ ẹ̀sítẹ́ńṣọ̀nù ni, ẹ gbé ráútà lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ara ògiri.

2. Ẹ yọ gbogbo wáyà tó wà lẹ́yìn ráútà, àti ohun tó bá wà ní ihò USB. Ẹ fi okùn fáíbà sílẹ̀. Yàtọ̀ sí fáíbà, kí ó ku ṣájà nìkan. Wáyà tó ti kan ara wọn nínú, tàbí USB tó bàjẹ́, lè má jẹ́ kí ráútà jí. Bó bá jí láìsí wọn, ẹ máa dá wọn padà lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan. Èyí tó bá pa á ni ọ̀daràn.

3. Ẹ pa á, kí ẹ ka ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá kí gbogbo iná tó kù nínú rẹ̀ tán, kí ẹ tó tan án. Lẹ́yìn náà, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún.

4. Ẹ lo ọwọ́, imú àti etí. Kí ṣájà lọ́ wọ́ọ́rọ́ kò burú. Bó bá gbóná débi tí ọwọ́ kò lè dúró lára rẹ̀, tó ń ké wíín, tàbí tó ń rùn bí ike tó jó, ẹ má lò ó mọ́.

5. Ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sábẹ́ ráútà, kí ẹ fi wé ohun tó wà lára ṣájà. Méjèèjì gbọ́dọ̀ bára mu, bí a ó ṣe ṣàlàyé níwájú.

6. Ẹ yá ṣájà mìíràn tó bá a mu, kí ẹ fi dán an wò. Ìgbésẹ̀ yìí nìkan ló ti dá ọ̀pọ̀ ráútà tí wọ́n fẹ́ jù nù padà fún mi.

7. Ẹ wo bọ́tìnnì reset. Eruku tàbí abẹ́rẹ́ tí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ lè ti há a sínú, kí ráútà máa rò pé ẹnì kan ń tẹ̀ ẹ́ nígbà gbogbo.

Ẹ gbé ìgbésẹ̀ kan lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tó bá yí nǹkan mẹ́ta padà lẹ́ẹ̀kan náà, tí ráútà sì jí, kò ní mọ èyí tó wò ó sàn, àrùn náà á sì padà wá bá a láìmọ oògùn rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ṣájà

Mo fẹ́ kí a dúró díẹ̀ lórí ṣájà, èyí tí àwọn kan ń pè ní adaptor, nítorí ibẹ̀ ni owó wa ń bá lọ jù.

Ẹ fi táńkì omi orí ilé wé e. Fóòtì ni agbára tí omi fi ń tì wá sísàlẹ̀. Áńpì ni iye omi tí páìpù lè gbà lẹ́ẹ̀kan. Fóòtì ṣájà gbọ́dọ̀ bá ti ráútà mu gẹ́lẹ́: 12 fún 12, 9 fún 9, 5 fún 5. Bó bá kéré, ráútà kò ní jí, tàbí kó máa jí kó máa kú. Bó bá pọ̀, ó lè jó o pátápátá. Áńpì ní tirẹ̀ lè pọ̀ ju èyí tí ráútà béèrè lọ, nítorí ráútà fúnra rẹ̀ ló ń fa ìwọ̀n tó bá nílò. Ráútà tó béèrè fóòtì 12 àti áńpì 1 lè lo ṣájà fóòtì 12 àti áńpì 2 láìséwu. Ṣájà áńpì 0.5 ni kò lè bọ́ ọ.

Ẹnu ṣájà náà ṣe pàtàkì. Ọ̀pọ̀ ráútà ń lo ẹnu tó fẹ̀ tó mílímítà 5.5, ṣùgbọ́n ihò àárín rẹ̀ lè jẹ́ 2.1 tàbí 2.5. Èyí tó jẹ́ 2.5 á wọlé sára ráútà onígi 2.1, ṣùgbọ́n á máa mì, iná á sì máa ṣẹ́ tí ẹnì kan bá fọwọ́ kan tábìlì. Ẹ tún wo àwòrán róbótó kékeré tó wà lára ṣájà, tó ní àmì ìròpọ̀ àti ìyọkúrò. Lára ọ̀pọ̀ ráútà, àmì ìròpọ̀ ló wà láàárín. Bí ti ṣájà bá yàtọ̀ sí ti ráútà, ẹ má ki í bọ̀ ọ́.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣìnà nìyí, bí ọ̀gá ilé búrẹ́dì yẹn ṣe ṣìnà: ṣájà tí kò ní ẹrù lórí á fi fóòtì tó pé hàn lórí mítà. Ẹ bèèrè lọ́wọ́ alábàárù tó ti rẹ̀: á dúró ṣánṣán títí ẹ ó fi gbé ẹrù lé e lórí. Nítorí náà, ìgbà tí ráútà bá ń ṣiṣẹ́ ni kí ẹ wọ̀n ọ́n. Bí ṣájà fóòtì 12 bá ń já sísàlẹ̀ 11 lẹ́nu iṣẹ́, ó ti ń kú lọ.

Kàpásítọ̀ inú rẹ̀ ló sábà máa ń gbẹ. Ẹ má tú ṣájà fúnra yín. Kàpásítọ̀ ńlá inú rẹ̀ máa ń tọ́jú nǹkan bí fóòtì 325, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí ẹ ti yọ ọ́ lára ògiri. Owó ṣájà tuntun kò tó ẹ̀mí ẹnikẹ́ni. Nínú ráútà ní tirẹ̀, àwọn kàpásítọ̀ tó wà nítòsí ibi tí ṣájà ń wọ̀ ni kí oníṣẹ́ yẹ̀ wò. Èyí tí orí rẹ̀ wú bí ọmọ ìka tí ẹ̀gún gún ti bàjẹ́. Kí ó fi èyí tí iye microfarad rẹ̀ bá ti tẹ́lẹ̀ mu rọ́pò rẹ̀, kí fóòtì tí wọ́n kọ sí i má sì kéré sí ti àtijọ́.

Kí ẹ tó tẹ reset

Reset kì í wo ṣájà sàn, kì í sì í tún fáíbà tó já so. Ohun tó ń ṣe ni pé ó ń pa gbogbo ohun tí ẹ ti tò sínú ráútà rẹ́, kó lè dà bí ọjọ́ tó ti iléeṣẹ́ jáde. Iṣẹ́ rẹ̀ wà: bí ráútà bá jí dáadáa ṣùgbọ́n tí ẹ ti gbàgbé ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, tàbí tí ẹnì kan ti ba ètò rẹ̀ jẹ́.

Lónìí tí ráútà yín ṣì dáa, ẹ ṣí ojú ìwé rẹ̀ lórí fóònù tàbí kọ̀ǹpútà. Nọ́ńbà rẹ̀ sábà máa ń jẹ́ 192.168.0.1 tàbí 192.168.1.1, ọ̀pọ̀ ráútà Huawei tó ń lo síìmù ń lo 192.168.8.1. Ẹ kọ orúkọ PPPoE, ìyẹn èyí tí iléeṣẹ́ íntánẹ́ẹ̀tì mọ̀ yín sí, àti ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, nọ́ńbà VLAN bó bá wà, APN síìmù, àti orúkọ Wi-Fi yín sínú ìwé. Bí ibi tí wọ́n kọ Backup sí bá wà, ẹ tẹ̀ ẹ́, kí ẹ tọ́jú fáìlì tó bá gbé jáde. Bó bá wá di dandan kí ẹ tẹ reset, ẹ rí i pé iná dúró dáadáa, ẹ tẹ̀ ẹ́ fún bí ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, ẹ sì fi sílẹ̀ títí yóò fi parí jíjí. Bí iná bá lọ lójijì láàárín rẹ̀, ẹ lè ba ohun tó dáa jẹ́.

Bí firmware bá bàjẹ́

Àsìkò tí firmware máa ń bàjẹ́ jù ni ìgbà tí ẹnì kan bá ń fi tuntun sínú ráútà tí NEPA sì mú iná lọ. Fún ìdí èyí, ẹ má ṣe é láìsí ínfátà tàbí bátìrì lábẹ́ ráútà.

Ọ̀pọ̀ ráútà ní ọ̀nà àbáyọ. Lára ọ̀pọ̀ TP-Link, ẹ lè so kọ̀ǹpútà mọ́ ọn pẹ̀lú wáyà, kí ẹ fún kọ̀ǹpútà ní nọ́ńbà 192.168.0.66, kí ẹ fi firmware sínú ètò TFTP pẹ̀lú orúkọ tí irú ráútà náà béèrè, kí ẹ sì tẹ reset mọ́lẹ̀ bí ẹ ṣe ń tan án. Bootloader á wá gbé firmware náà fúnra rẹ̀. MikroTik ń lo Netinstall. Bí bootloader fúnra rẹ̀ bá kú, iṣẹ́ àwọn tó ń tún nǹkan ṣe ní Ọ̀tìgbà, tí gbogbo ayé mọ̀ sí Computer Village, ló kù: wọ́n á yọ ègé kékeré tó ń tọ́jú firmware, wọ́n á kọ tuntun sínú rẹ̀. Kí ẹ tó gbé e fún wọn, ẹ bèèrè iye tí yóò ná yín, kí ẹ fi wé owó ráútà tuntun.

Àwọn iléeṣẹ́ tó ń lo ráútà Cisco ní ọ̀nà tiwọn. Ẹ so wáyà console mọ́ kọ̀ǹpútà ní ìyára 9600, kí ẹ máa ka ohun tó ń sọ. Bó bá dúró sí `rommon 1 >`, kò rí IOS, ìyẹn firmware rẹ̀, gbé ni, tàbí ẹnì kan ti dá a dúró níbẹ̀. Ẹ kọ `dir flash:` láti mọ̀ bóyá ó ṣì wà níbẹ̀. Bó bá sì jí dáadáa, ṣùgbọ́n tó ń béèrè ní gbogbo ìgbà bóyá ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ètò tuntun, ẹ má dáhùn bẹ́ẹ̀ ni. Ẹ kọ `show version`, kí ẹ wo ìlà tó kẹ́yìn. Bí ẹ bá rí `0x2142`, a jẹ́ pé ẹnì kan ti wá ọ̀rọ̀ aṣínà tó sọnù nígbà kan rí, tí kò dá a padà. Ètò yín ṣì wà nínú rẹ̀, ráútà kàn ń fojú fò ó ni. Ẹ kọ `copy startup-config running-config`, ẹ wọ `configure terminal`, ẹ kọ `config-register 0x2102`, ẹ ṣí ojú ihò tí wọ́n bá tì pẹ̀lú `no shutdown`, lẹ́yìn náà ni kí ẹ tó tọ́jú rẹ̀. Ẹni tó bá kọ `write memory` kó tó gbé ètò àtijọ́ padà ti fi òfìfo bo iṣẹ́ ọdún mẹ́wàá mọ́lẹ̀.

Bí àrùn bá wà níta

Bí LOS bá pupa, ẹ wo okùn fáíbà láti ara ráútà lọ sí ara ògiri. Bóyá wọ́n ti fi tábìlì tẹ̀ ẹ́, tàbí eku ti gé e jẹ. Kò gbọdọ̀ tẹ̀ kọrọdọ. Ẹ má yọ orí rẹ̀ wò lójú: ìmọ́lẹ̀ tó ń gba inú rẹ̀ kọjá kò ṣeé fojú rí, síbẹ̀ ó lè ba ojú jẹ́. Bí kò bá sí ohun tó hàn, ẹ pe iléeṣẹ́ tó fún yín ní íntánẹ́ẹ̀tì, kí ẹ sọ pé LOS ń ṣẹ́jú pupa. Gbólóhùn yẹn á gbà yín lọ́wọ́ "Ẹ pa á, kí ẹ tún tan án." Bí wọn kò bá dáhùn, 622 ni nọ́ńbà tí NCC, àjọ tó ń ṣàkóso ètò ìbánisọ̀rọ̀ ní Nàìjíríà, fi ń gba ẹ̀sùn àwọn oníbàárà.

Nígbà mìíràn, àrùn náà jìnnà ju òpó àdúgbò lọ. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin tó gba abẹ́ òkun já nítòsí Côte d'Ivoire: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Íntánẹ́ẹ̀tì dẹnu kọlẹ̀ ní Nàìjíríà àti ní ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn báńkì sì wà nínú àwọn tí ó ṣe léṣe. Ráútà tó wà ní Ìkẹjà lọ́jọ́ náà kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá tẹ reset nítorí rẹ̀ kàn fi wàhálà tirẹ̀ kún ti òkun ni. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè lọ́wọ́ aládùúgbò tó ń lo iléeṣẹ́ mìíràn kí ẹ tó mú abẹ́rẹ́.

Bí a ó ṣe dènà rẹ̀

Bí iná bá lọ, ẹ yọ ṣájà ráútà lára ògiri. Bó bá dé, ẹ fún un ní ìṣẹ́jú márùn-ún kó fìdí múlẹ̀ kí ẹ tó ki í padà. Bí òjò bá ṣú tí àrá ń sán, ẹ yọ wáyà tó ti ìta wọlé pẹ̀lú, nítorí àrá mọ ọ̀nà tó ń gbà wọlé láti ara wáyà tó so ilé kan mọ́ ìkejì.

Fún ṣọ́ọ̀bù tó ń gbowó lórí íntánẹ́ẹ̀tì, bátìrì kékeré tó ń gbé fóòtì 12 jáde fún ráútà wúlò ju ínfátà ńlá lọ. Ẹ lè ṣírò bí yóò ti pẹ́ tó. Bátìrì tí wọ́n kọ 8800 mAh sí ní fóòtì 3.7 ní nǹkan bí wáàtì-wákàtí 32. Bí díẹ̀ bá ṣòfò lójú ọ̀nà, ó ku bí 27. Ráútà tó ń jẹ wáàtì 8 á lo nǹkan bí wákàtí mẹ́ta ààbọ̀ lórí rẹ̀. Ẹ rí i pé bátìrì náà ń gbé fóòtì tí ráútà yín ń béèrè gan-an.

Ẹ gbé ráútà sára ògiri, níbi tí afẹ́fẹ́ ti ń kọjá, jìnnà sí ààrò àti èéfín jẹnẹrétọ̀. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ nu ojú ihò rẹ̀ lóṣooṣù.

Ohun mẹ́ta ni mo bẹ̀ yín kí ẹ ṣe kí ilẹ̀ tó ṣú lónìí. Ẹ fi bébà kékeré lẹ ṣájà, kí ẹ kọ "Ráútà, fóòtì báyìí, áńpì báyìí" sí i, kí ẹnikẹ́ni má fi ti dẹ̀kódà rọ́pò rẹ̀. Ẹ kọ ètò inú ráútà sínú ìwé, kí ẹ tọ́jú rẹ̀ síbi tí ọ̀gá àti ọmọ iṣẹ́ mọ̀. Kí ẹ sì kọ́ ẹni tó ń ṣílẹ̀kùn láàárọ̀ ní ìgbésẹ̀ méje yẹn, nítorí òun ni ráútà máa ń kọ́kọ́ bá jà.

Ní ilé búrẹ́dì Agége yẹn, ṣájà kejì wà lórí ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ráútà báyìí, wọ́n sì ti kọ fóòtì 12, áńpì 1.5 sí i lára. Owó tí wọ́n fi rà á kò tó owó búrẹ́dì tí wọn kò rí tà láàárọ̀ ọjọ́ náà.